Òkú Tí Ó Jókòó sí Ẹnu Ọ̀nà Philip

Ní àdúgbò tí Dorcas ń gbé ní Ògbómọ̀ṣọ́, ẹni tí ó bá fẹ́ ṣe ìrìbọmi ní Ìjọ Onítẹ̀bọmi yóò kọ́kọ́ gba ọ̀dọ̀ rẹ̀ kọjá kí ó tó dé inú omi. Òun ni ó ń rán aṣọ funfun gbọọrọ tí wọ́n ń wọ̀ wọ inú omi náà, tí ó ń di òjé wẹ́wẹ́ sínú ìṣẹ́tí rẹ̀ kí omi má baà gbé aṣọ sókè kí ó sì dójú ti ẹni ẹlẹ́ni níwájú ìjọ. Opó ni, ọmọ bíbí Ìkòyí-Ilé ni, ẹnu rẹ̀ sì mú bí abẹ́rẹ́ rẹ̀. Aṣọ tí ó bá wọ́ díẹ̀, yóò tú u. Ọ̀rọ̀ tí ó bá wọ́ díẹ̀, kì í gbàgbé rẹ̀.

Ìbejì ni ìyá rẹ̀ bí i, òun ni Kẹ́hìndé. Táyé, àbúrò rẹ̀ tí ó rán wá kí ó bá òun tọ́ ayé wò, kò pẹ́ láyé kí ó tó padà. Ìyá wọn sì ṣe ohun tí àwọn ará ilé wọn ń ṣe nígbà náà: ó lọ bá agbẹ́gilére, ó gba ère kan bọ̀. Ẹyọ kan ṣoṣo ni, nítorí pé ẹni tí ó kú nìkan ni a ń gbẹ́. Ẹni tí ó wà láàyè, a kì í gbẹ́ ẹ. Bí a bá gbẹ́ ẹ, a ti kà á mọ́ òkú nìyẹn; a ti fi ilé rẹ̀ han ikú.

Ìyá náà di onígbàgbọ́ tòótọ́. Kì í pa ìpàdé àwọn obìnrin jẹ. Ṣùgbọ́n kò fi Táyé sílẹ̀. Bí ó bá wẹ Dorcas tán, á wẹ ère náà, á fi osùn pa á lára, á sì fi ẹ̀wà tọ́ ọ lẹ́nu. Ọwọ́ rẹ̀ pẹ́ lójú ère yìí títí imú fi wọlẹ̀, tí ẹnu parẹ́, tí ojú méjèèjì sì di kòtò kékeré lásán. Ní ọjọ́ kan tí Pásítọ̀ bi í léèrè, ó ní, “Pásítọ̀ wa, n kò bọ ọ́ o. Ọmọ mi ni. Ṣé ẹ̀yin kì í wẹ ọmọ tiyín ni?” Pásítọ̀ rẹ́rìn-ín, ó mu omi, ó bá tirẹ̀ lọ.

Nígbà tí ìyá náà darúgbó, tí ó sì kú sí ọwọ́ Dorcas lórí ibùsùn, Simon, àbúrò ìyá náà ọkùnrin, ni ó kù sínú ilé ní Ìkòyí-Ilé. Ojú bàbá yìí ti ń ṣe bàìbàì. Ọ̀dọ̀ rẹ̀ ni ọkùnrin kan wá ní ọ̀sán ọjọ́ kan, tí ó wọ kóòtù, tí ó há Bíbélì mọ́ abíyá.

“Bàbá, ajíhìnrere ni mí. Ẹrù òkùnkùn wà nínú ilé yìí. Ẹ gbé e fún mi, a fẹ́ jó gbogbo irú wọn níná ní ilẹ̀ ìsọjí.”

Simon gbé e fún un, ó tún dúpẹ́ lọ́wọ́ rẹ̀. Nígbà tí Dorcas wá gbé Táyé lọ sí Ògbómọ̀ṣọ́, eérú ni wọ́n ní kí ó lọ máa wá. Ó jókòó sí àárín yàrá ìyá rẹ̀, ó sì sunkún àbúrò rẹ̀ lẹ́ẹ̀kejì.

Ọdún yípo. Moyinolúwa, ọmọ Dorcas, ń kẹ́kọ̀ọ́ iṣẹ́ olùkọ́ ní Ọ̀yọ́. Òun ni ó fi àwòrán kan ránṣẹ́ sí ìyá rẹ̀ lórí fóònù: ère méjì lórí pẹpẹ ṣọ́ọ̀bù kan tí wọ́n ti ń ta ohun àtijọ́. “Mọ́mì, ẹ wo ti ọwọ́ òsì. Ṣé òun kọ́?”

Òun ni. Dorcas mọ ojú tí ọwọ́ ìyá rẹ̀ ti pa rẹ́. Ṣùgbọ́n ta ni ti ọwọ́ ọ̀tún?

Ó wọ mọ́tò lọ sí Ọ̀yọ́ ní ọjọ́ kejì, ó gun ọ̀kadà láti gáréèjì Owódé dé ẹnu ṣọ́ọ̀bù náà. Edan idẹ wà níbẹ̀, oṣé Ṣàngó wà níbẹ̀, ìlẹ̀kùn gbígbẹ́ kan tí ikán ti jẹ ní ìdajì fi ara ti ògiri. Philip tí ó ni ṣọ́ọ̀bù náà yọ síta, ó dọ̀bálẹ̀ díẹ̀, ó sì fẹ ẹnu rẹ̀ bí aṣọ títà.

“Ẹ káàsán, Mọ́mì. Ẹ máa wò ó. A kì í gbowó ìran.”

“O kúuṣẹ́, ọmọ mi. Ìbejì ibo nìyẹn?”

“Háà, ojú yín ríran! Ìyẹn kì í ṣe igi lásán. Ìkòyí-Ilé ni wọ́n ti wá, ìlú àwọn jagunjagun. Táyé nìyí, Kẹ́hìndé nìyí. Bí wọn kò bá rí ẹ̀wà jẹ, wọn a máa sunkún. Ìyàwó mi gan-an ti gbọ́ ọ.”

“Ṣé àwọn méjèèjì ni ó kú ni?”

“Ọjọ́ kan náà! Táyé lọ ní òwúrọ̀, Kẹ́hìndé tẹ̀ lé e ní ìrọ̀lẹ́. Ìyá wọn kò lè gbà á mọ́ra, ó pokùn so. Ẹ̀mí ìyá yẹn ni ó wọ inú wọn tí wọ́n fi lágbára báyìí.”

Dorcas di etí pẹpẹ mú. Ìyá tí ó kú sí apá òun pẹ́lẹ́pẹ́lẹ́, tí gbogbo ẹgbẹ́ obìnrin fi orin sin dé ojú oórì, ẹnì kan ti sọ ọ́ di apokùnso kí igi lè níyì lọ́jà.

“Imú Kẹ́hìndé ga ju ti Táyé lọ,” ni ó wí.

“Ìyá wọn fẹ́ràn Táyé jù ni, Mọ́mì. Òun nìkan ni ó máa ń fọwọ́ pa lójú.”

“Bẹ́ẹ̀ ni àwọn ìyá kan ń ṣe,” ni Dorcas wí. Ó dágbére fún un, ó sì jáde.

Moyinolúwa ní kí àwọn lọ bá ọlọ́pàá. Ìyá rẹ̀ mi orí. “Ọlọ́pàá á ní kí ó dá Táyé padà. Èmi ńkọ́? Òfin wo ni wọ́n fi ń mú ẹni tí ó gbẹ́ ènìyàn láàyè?” Ó gbé àpò rẹ̀ kọ́ èjìká. “Ìyá mi tí ó bà lórúkọ jẹ́ ńkọ́? N ó gba Táyé lọ́wọ́ rẹ̀. Ṣùgbọ́n kì í ṣe Táyé nìkan ni n ó gbà.”

Ohun kan tún wà tí kò sọ fún ọmọ náà. Ní ìgbà ọyẹ́ tí ó kọjá, ikọ́ kan ti bá a jà tí ó fẹ́rẹ̀ẹ́ gbé e lọ. Dókítà ní òwú aṣọ ni ó ń fà símú. Ó ti gba dókítà gbọ́. Ní báyìí, kò fi bẹ́ẹ̀ dá a lójú mọ́.

Ó jókòó ti ẹ̀rọ rẹ̀, ó rán aṣọ funfun kan ní ìwọ̀n ara òun fúnra rẹ̀, ó sì di òjé sí ìṣẹ́tí rẹ̀ dáadáa. Ó wọ̀ ọ́ lọ sí Ọ̀yọ́. Ó ya àpótí ìjókòó lọ́wọ́ Mashood, fọkanáísà tí ó wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ ṣọ́ọ̀bù Philip, ó gbé e sí ẹnu ọ̀nà gan-an, ó sì jókòó.

“Mọ́mì, ta ni ẹ ń dúró dè?” ni Mashood bi í.

“Ẹni tí ó ń tà mí ni.”

Mashood rò pé ẹ̀fẹ̀ ni, ó rẹ́rìn-ín. Philip kò rẹ́rìn-ín. Ó ń retí Olúyẹmí, ọlọ́lá kan tí ó ń bọ̀ láti Ìbàdàn, tí ó fi ohun àtijọ́ ṣe gbogbo ilé rẹ̀ lọ́ṣọ̀ọ́. Kò pẹ́ tí jíìpù ọkùnrin náà fi dúró. Philip sáré bá a, ó ti bẹ̀rẹ̀ ìtàn Ìkòyí-Ilé kí ẹsẹ̀ àlejò tó kan ilẹ̀. Dorcas dìde.

“Ẹ kú àbọ̀, sà. Èmi ni Kẹ́hìndé tí ẹ fẹ́ rà. Wọ́n ní ìrọ̀lẹ́ ni mo kú. Ẹ fọwọ́ kàn mí wò, bóyá mo ti tutù.”

Olúyẹmí fà sẹ́yìn. “Philip, kí ni ìyá yìí ń sọ?”

“Wèrè ni, sà. Ẹ má dá a lóhùn.”

“Wèrè!” Dorcas ti fa fóònù yọ, ó ti pe Simon, ó sì jẹ́ kí ohùn bàbá náà jáde sí gbangba. “Bùrọ̀dá Simon, ẹ gbọ́ ohùn kan fún mi. Philip, tún un wí. Sọ pé wèrè ni mí.”

“Mọ́mì, kí ni mo ṣe fún yín? Ẹ jọ̀ọ́, ẹ kúrò níbí!”

“Ohùn rẹ̀ nìyẹn!” ni Simon ké láti inú fóònù. “Ajíhìnrere tí ó ní òun fẹ́ jó Táyé! Ṣé iná náà kò tíì ràn ni?”

Àwọn tí ó wà nítòsí ti ń kóra jọ. Ọmọ Yorùbá ni Olúyẹmí, kò nílò kí ẹnikẹ́ni là á fún un. Ó wo ère tí imú rẹ̀ ga, ó wo obìnrin tí ó wọ funfun. “N kì í ra ènìyàn láàyè,” ni ó wí, ó sì padà sínú jíìpù rẹ̀.

Nígbà náà ni Philip kúnlẹ̀. “Mọ́mì, ẹ ṣàánú mi. Ẹyọ kan ni mo rí, àwọn oníbàárà kì í sì í fẹ́ ẹyọ kan. Wọ́n á ní èkejì rẹ̀ dà. Mo rò pé àwọn méjèèjì ti lọ tipẹ́. Ọlọ́run ń gbọ́, n kò mọ̀ pé ẹnì kan kù.”

“Ìwọ ni o gbẹ́ mi?”

“Rárá o! Agbẹ́gilére kan ni. Èmi kàn mú un dàgbà ni.”

“Báwo ni o ṣe mú mi dàgbà?”

Philip wo àwọn ènìyàn tí ó yí i ká. Kò sí ibi tí yóò sá sí. “Mo so ó kọ́ òkè ààrò kí èéfín lè wọ̀ ọ́ lára.”

“Ìgbà wo?”

“Ìgbà ọyẹ́ ni, Mọ́mì. Nígbà tí òjò dé, mo rì í mọ́ ìdí òkìtì ikán kí wọ́n lè jẹ ẹsẹ̀ rẹ̀ díẹ̀. Lẹ́yìn ìyẹn ni mo fi epo àti osùn pa á.”

Ìgbà ọyẹ́. Dorcas gbọ́ ikọ́ ara rẹ̀ nínú àyà. “Ó dára,” ni ó wí jẹ́ẹ́jẹ́. “O so mí sí èéfín. O sin mí. O sì fi mí fún ikán jẹ.”

“Yéè!” ni Mashood wí, ó di orí mú. “Philip, o kú lónìí!”

“Kò tíì kan òun,” ni Dorcas dá a lóhùn. “Èmi ni mo ṣáájú.”

Philip gbé ère méjèèjì wá. Dorcas gba Táyé. Ó wo ojú tí kò ní imú yẹn fún ìgbà díẹ̀, ó nù ún, ó fi gèlè rẹ̀ wé e, ó sì gbé e mọ́ra bí ọmọ ọwọ́. Kò na ọwọ́ sí èkejì.

“Mọ́mì, ẹ gbé òun náà.”

“Rárá.”

“Ẹ jẹ́ kí n jó o, nígbà náà.”

“Jó o? Níṣojú àwọn ènìyàn wọ̀nyí? Bí o bá jó o, o sun mí. Bí o bá tà á, o tà mí. Bí o bá sọ ọ́ sínú ìgbẹ́, o gbé òkú mi jù nù. Ìwọ ni o ní kí wọ́n gbẹ́ mi, ìwọ ni yóò máa bọ́ mi. Wàá máa wẹ̀ mí, wàá máa fi osùn pa mí, wàá máa fún mi ní ẹ̀wà. Bí o bá ṣe é tán, pè mí kí n fi ojú ara mi rí i.”

“Títí di ìgbà wo, Mọ́mì?”

“Títí n ó fi kú. Ṣùgbọ́n bí mo bá kú, Philip, gbogbo Ọ̀yọ́ ti mọ ẹni tí ó pa mí.”

Kò sí ẹni tí ó rẹ́rìn-ín lẹ́nu ọ̀nà náà. Mashood gba àpótí rẹ̀ padà, ó fi omi fọ̀ ọ́ kí ó tó gbé e wọlé.

Láti ọjọ́ náà, gbogbo Sátidé ni Philip ń pe Dorcas lórí fídíò, tí ó ń gbé fóònù ti ara ògiri, tí ó ń gbé ère sí inú abọ́, tí ó sì ń fi kànrìnkàn bu omi sí i lára. Dorcas á jókòó ti ẹ̀rọ ìránṣọ rẹ̀, á máa wò ó.

“O kò fọ ẹ̀yìn etí mi.”

“Ẹ má bínú, Mọ́mì.”

“Ẹ̀wà yẹn kò jinná. Ṣé inú ni o fẹ́ kí ó máa run mí?”

Àwọn oníbàárà Philip ń dín kù. Ẹni tí ó bá ya ibẹ̀ á kọ́kọ́ béèrè bóyá àwọn tí ó ni ojú wọ̀nyẹn ti kú ní tòótọ́. Ní ìrọ̀lẹ́ Sátidé kan, Moyinolúwa kò lè pa á mọ́ra mọ́.

“Mọ́mì, ṣé ẹ kò ní dárí jì í báyìí? Ọkùnrin náà ti gbẹ.”

“Mo ti dárí jì í. Mo ti dárúkọ rẹ̀ nínú àdúrà pàápàá. Oúnjẹ mi nìkan ni mo ń béèrè.” Ó fi eyín já òwú, ó sì rẹ́rìn-ín ẹ̀rín kan tí ọmọ rẹ̀ kò fẹ́ràn.

Nígbà tí ọyẹ́ tún dé, ikọ́ náà padà. Dorcas dùbúlẹ̀, Táyé sì wà lórí àpótí lẹ́gbẹ̀ẹ́ ìrọ̀rí rẹ̀. Ìròyìn dé Ọ̀yọ́. Ilẹ̀ ọjọ́ kejì kò tíì mọ́ dáadáa tí Philip fi dé Ògbómọ̀ṣọ́ pẹ̀lú ọsàn, oyin àti oògùn ikọ́ oríṣiríṣi nínú àpò, ojú rẹ̀ fà ro bí ẹni tí wọ́n dá ẹjọ́ ikú fún. Ó kúnlẹ̀ sí ẹsẹ̀ ibùsùn, ó gbé ọwọ́ méjèèjì sókè.

“Olúwa, dá ẹ̀mí Màmá sí. Fún wọn ní ọjọ́ gígùn. Jẹ́ kí wọ́n gbó, jẹ́ kí wọ́n tọ́, kí wọ́n pẹ́ ju gbogbo wa lọ.” Omi ń dà lójú rẹ̀. Kò tíì fi ọkàn gbàdúrà bẹ́ẹ̀ rí fún ẹnikẹ́ni, kódà fún ìyá tí ó bí i.

Ó parí, ó sì ń retí kí aláìsàn ṣe àmín. Dorcas la ojú kan.

“Ta ni ó dúró tì mí nílé rẹ?”

“Ìyàwó mi ni, Mọ́mì. Ó ti gbé ẹ̀wà kaná.”

“Ó dára,” ni ó wí, ó sì pa ojú dé. “Máa gbàdúrà lọ.”