Àsáró Tí Wọ́n Fi Ẹnu Àyálò Tọ́ Wò

Ẹ ò ní gbà mí gbọ́, ẹ má sì yọ ara yín lẹ́nu láti gbìyànjú. Bí ẹlòmíràn bá sọ ọ́ fún èmi náà pé tìtorí ṣíbí àsáró kan ni ọkùnrin tó ti ń hu ewú ṣe ń gun ọ̀kadà kiri, láti Ìjerò dé Àrámọkọ, tí kò lè jókòó, tí kò lè dúró, èmi ni màá kọ́kọ́ pè é ní òpùrọ́.

Iṣẹ́ mi ni kí n kọ́ àwọn ọmọ girama ní oúnjẹ sísè. Ẹ ti rẹ́rìn-ín tán? Ó dáa. Àwọn olùkọ́ ẹlẹgbẹ́ mi ti rẹ́rìn-ín ṣáájú yín. "Ìyàwó Ilé Ẹ̀kọ́" ni wọ́n ń pè mí, èmi náà a sì máa dáhùn, nítorí bí ebi bá pa wọ́n, ọ̀dọ̀ ìyàwó náà ni wọ́n ń bọ̀.

Nígbà tí ìdánwò àfọwọ́ṣe kù sí dẹ̀dẹ̀, àsáró ni mo yàn fún wọn, mo sì lọ ra iṣu lọ́jà Àrámọkọ. Iṣu ọdún tó kọjá ti hù, ó ti rọ̀, iye tí wọ́n ń pè é sì ń bani lẹ́rù. Iṣu tuntun ló kún ilẹ̀ rẹpẹtẹ, tí èèpẹ̀ ṣì tutù lára rẹ̀. Ẹ̀fọ̀n ni wọ́n bí mi sí, inú ìjọ ni mo dàgbà sí, kò sí ẹni tó ń ṣọ́ ẹnu mi nítorí iṣu. Mo di tuntun sẹ́yìn ọ̀kadà, mo gbé e lọ. Kò wá sí mi lọ́kàn rárá pé àwọn agboolé kan wà nílùú tí mo ti ń kọ́ni, tí ẹnikẹ́ni nínú wọn kò gbọdọ̀ fi iṣu tuntun kan ẹnu kí bàbá wọn tó ṣe ọdún ìjẹṣu fún Ògún. Ọdún ọ̀hún ò sì tíì dé.

Ọmọbìnrin kan ní kíláàsì náà jẹ́ ọmọ irú agboolé bẹ́ẹ̀. Ọwọ́ rẹ̀ yá, ẹnu rẹ̀ náà yá. Ó ti pinnu pé ilé ẹ̀kọ́ gíga tí wọ́n ti ń kọ́ iṣẹ́ oúnjẹ lòun ń lọ. Ṣùgbọ́n ó ti tún kíláàsì yẹn kà lẹ́ẹ̀kan, bàbá rẹ̀ sì ti búra pé bó bá tún fìdí rẹmi, ọ̀dọ̀ aránṣọ ló kàn.

Igbákejì ọ̀gá ilé ẹ̀kọ́ wa, obìnrin kan tó tún jẹ́ ìyá ìjọ, ló wá bá mi fún wọn ní máàkì. Òfin ìdánwò náà kò le: kí oníkálukú fi ẹnu ara rẹ̀ tọ́ ohun tó sè wò, kí ó tún un ṣe, kó tó bù ú kalẹ̀. Ọmọ yìí ro àsáró rẹ̀, ó bu ṣíbí kan, ó fẹ́ atẹ́gùn sí i, ó wá nà án sí ẹni tó wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀.

"Bá mi tọ́ ọ wò. Iyọ̀ ńkọ́?"

"Ó kù díẹ̀."

Ó fi ìka méjì wọ́n iyọ̀ sí i. "Báyìí ńkọ́?"

"Ó ti pé. Tún bù fún mi."

"Ọ̀jẹun! Lọ sè tìẹ."

Igbákejì ọ̀gá ti dìde. "Ìwọ! Kí ló dé tí o ò fi ẹnu ara rẹ tọ́ ọ wò?"

"Mà, uṣu tuntun ni. Wọn ò tíì ṣe ìjẹṣu nílé wa."

"Ta ló bi ọ́ léèrè ilé yín? Ìdánwò wo lo ti rí i tí wọ́n ti ń yá ẹnu ẹni ẹlẹ́ni lò? Òdo!"

Mo tọ́ àsáró náà wò. Ẹ̀yin èèyàn mi, òun ló dùn jù nínú gbogbo ohun tí mo tọ́ wò lọ́jọ́ náà. Mo sáré tẹ̀ lé obìnrin náà jáde.

"Màmá, ẹ jọ̀ọ́. Èmi ni mo ra iṣu tí kò yẹ."

"Ṣé ìwọ lo fẹ́ bá a gba òdo náà ni?"

"Rárá o, mà. Èèwọ̀ rẹ̀ ò kan iṣu ọdún tó kọjá. Ẹ jẹ́ kó fi ìyẹn tún un sè."

Ó wò mí láti orí dé ẹsẹ̀. "Láàárọ̀ ọ̀la, kí agogo ìpéjọ tó lù. Kó tọ́ ọ wò lójú mi kòrókòró. Bí kò bá rí bẹ́ẹ̀, òdo náà dúró."

Ara mi ò balẹ̀ mọ́. Ọjà Ìjerò ni mo kọ́kọ́ forí lé, wọ́n ti ń palẹ̀ mọ́. Ìyá oníṣu kan bojú wò mí. "Iṣu èṣí? Ṣé aboyún wà nílé ni?"

"Ìdánwò ni, màmá."

"Ìdánwò ń jẹ iṣu?"

Mo tún gun ọ̀kadà, ó di Àrámọkọ, èyí tí mo rí níjọ́sí ti tán. Mo ní kí ọlọ́kadà yà sí abà kan, iṣu tí wọ́n gbé jáde ti jẹrà dé ìdí. Bí a bá dúró díẹ̀, màá ti sọ̀kalẹ̀, màá tún gùn ún padà. Ọlọ́kadà ò lè pa á mọ́ra mọ́: "Ọ̀gá, ẹ sọ òótọ́ fún mi. Ṣé wọ́n lé yín nílé ni?"

Ọwọ́ òfo ni mo fi délé. Opó tó ni ilé tí mò ń gbé jókòó síwájú ilé, ó ń wò mí bí mo ṣe ń rìn lọ rìn bọ̀. Ó ní kí ló dé, mo ro ẹjọ́ fún un.

"Gbogbo ìrìn tó o rìn yìí, o ò kọ́kọ́ bi mí?"

Ó wọlé, ó gbé iṣu kan jáde tó ti hu ìrùngbọ̀n, ó sì fọ̀bẹ gé e sí méjì. "Gba ìdajì. Èmi náà ní ẹnu."

Nígbà tí mo máa fi dé ilé ìdáná láàárọ̀, ọmọ náà, tí mo ti sọ fún lánàá, ti dáná. Kò kí mi ju ìdajì ìkíni lọ. Ó bẹ iṣu, ó gbé e kaná, ó fi epo àti ata sí i. Igbákejì ọ̀gá wọlé, ó káwọ́ gbera, ó dúró tì í bí ọlọ́pàá.

Ọmọ náà bu ṣíbí, ó tọ́ ọ wò. Ó wọ́n iyọ̀ sí i. Ó gbójú sókè wo obìnrin náà, ó tún tọ́ ọ wò, ó tún wọ́n iyọ̀ sí i. Ó tún ń na ọwọ́ sí iyọ̀, mo wúkọ́.

"Ṣé òtútù mú ọ ni, tísà?"

"Rárá, mà."

Iyọ̀ wọlé lẹ́ẹ̀kan sí i. Obìnrin náà tọ́ díẹ̀ wò, ojú rẹ̀ ò yí padà.

"Ó fi ẹnu ara rẹ̀ tọ́ ọ wò, mo rí i. Mẹ́fà nínú mẹ́wàá." Ó jáde lọ.

Mẹ́fà tó. Ọmọ náà kúnlẹ̀, ó dìde, ó tún kúnlẹ̀. Kí n tó mọ ohun tó ń ṣe, ó ti bu àwo kan kún fún mi.

"Ẹ jẹun, sà. Mo mọ̀ pé ẹ ò tíì jẹ nǹkan kan."

Mo fi ṣíbí àkọ́kọ́ sẹ́nu. Ojú mi ṣú. Ẹnu àyálò ti mọ iyọ̀ lánàá, ẹnu onínǹkan ò mọ̀ ọ́n lónìí.

"Ṣé ó dùn, sà?" Ó ń wo ẹnu mi.

"Ó dùn."

"Ṣé kí n bù sí i?"

Agogo lù. Mo ní kó má bù sí i, kó máa lọ tò sórí ìlà, ṣùgbọ́n kò kúrò lójú kan títí mo fi jẹ àwo náà tán. Ìdí ìkòkò omi ni mo wà, tí mò ń bù mu, nígbà tí gbogbo ilé ẹ̀kọ́ ń kọrin òwúrọ̀.