Ìbọn Tí Nọ́ọ̀sì Hàlímọ̀ Fà Lé Ọlọ́pàá Lọ́wọ́

Wọ́n ti pa Nọ́ọ̀sì Hàlímọ̀. Ìrọ̀lẹ́ Ọjọ́bọ̀, ọ̀sẹ̀ mẹ́ta sẹ́yìn ni, wọn ò tíì pe ìrun Mọ̀gàríbì. Ó jókòó síwájú ilé wọn ní Ìsàlẹ̀ Èkó, ó ń yẹ ìfúnpá ẹ̀jẹ̀ Khairiyyah wò, aláboyún tó ń gbé ilé kejì sí tiwọn. Àfi bí àwọn ọmọ ẹgbẹ́ òkùnkùn ṣe lé ara wọn wọ àdúgbò, tìbọn-tìbọn. Ìyá ẹni ọdún mẹ́rìnlélọ́gọ́ta dìde, ó ti aláboyún wọlé. Kí òun fúnra rẹ̀ tó ráàyè wọlé, ọta ti bà á lẹ́gbẹ̀ẹ́. Wọn ò gbé e dé ọsibítù tó fi dákẹ́.

Ọlọ́pàá sọ̀rọ̀ lọ́jọ́ Sátidé. Gbólóhùn kan péré: ọta ìbọn tó ṣìnà ló ba obìnrin kan. Obìnrin kan! Ẹni tó fi ọdún mẹ́tàlélọ́gbọ̀n gbẹ̀bí àwọn ìyá erékùṣù yìí, títí kan ìyá èmi tí mò ń kọ̀wé yìí, òun ló di obìnrin kan lẹ́nu wọn.

Ọta tó ṣìnà. Ó dáa. Ẹ jẹ́ ká tọ ọ̀nà tó gbà wá, ká wò ó bóyá ó ṣìnà lóòótọ́.

Nígbà tá a wà lọ́mọdé, ìjà ò wọ́n ní Ìsàlẹ̀ Èkó. Àwọn ọmọ Lafiaji á wá kò wá lójú, àwọn tiwa á fọ́gò. Nọ́ọ̀sì Hàlímọ̀ ló ń rán ojú ọgbẹ́ wọn ní ọsibítù, bó ṣe ń rán wọn ló ń bú wọn: "Jókòó jẹ́ẹ́, aláìgbọràn! O ò bẹ̀rù ìgò, abẹ́rẹ́ lo wá ń sá fún?" Tó bá dọjọ́ kejì, orí á wú, ẹnu á bó, àwọn àgbà á pe ìpàdé, a ó parí ìjà. Ẹni tó jà wà láyé, ẹni tí wọ́n bá jà wà láyé.

Ìgbà tí ìbọn kún ìgboro, iṣẹ́ yí mọ́ ọn lọ́wọ́. Ó sọ fún mi nígbà kan pé, "Ọmọ mi, ìbínú àwọn ọmọ wọ̀nyí ò ju ti bàbá wọn lọ. Ohun tó wà lọ́wọ́ wọn ló yàtọ̀. Ẹni tí wọ́n fi ìgò gún, mo lè rán an. Èyí tí ìbọn bà, ọ̀pọ̀ ìgbà, mo kàn ń bá a pajú dé ni."

Àwọn ọ̀mọ̀wé ṣì ń jiyàn lórí rédíò bóyá pípọ̀ tí ìbọn pọ̀ ló ń mú ìpànìyàn pọ̀. Ẹnikẹ́ni nínú wọn ò pe Nọ́ọ̀sì Hàlímọ̀ rí kí wọ́n bi í léèrè.

Lẹ́yìn tó fẹ̀yìn tì, àwọn ìyá tó bá rí ìbọn lọ́wọ́ ọmọ wọn ń gbé e wá bá a. Lọ́dún tó kọjá, Àṣàbí, tó ń ta mílíìkì àti ṣúgà ní Òkè Àrin, gbé ìbọn kan tó rí lábẹ́ bẹ́ẹ̀dì ọmọ rẹ̀ wá, tẹkún-tẹkún. Mọ̀núrù, àbúrò Nọ́ọ̀sì Hàlímọ̀ tó ń gẹrun lójúde wọn, fò sókè.

"Àǹtí mi, ẹ sọ ọ́ sí ọ̀sà! Bí wọ́n bá ní ẹ̀yin lẹ ni ín ńkọ́?"

"Òfin ní kí n kó o fún ìjọba. Ìjọba náà ni mo máa kó o fún."

Ó fi ìró wé e, ó gbé e sínú báàgì, ó fẹsẹ̀ rìn lọ sí àgọ́ ọlọ́pàá lọ́sàn-án gangan. Kò sì kúrò níwájú kàǹtà àfìgbà tí ọ̀gá tó wà níbẹ̀ fọwọ́ sí ìwé tó mú lọ, èyí tó ń kọ gbogbo irú ìbọn bẹ́ẹ̀ sí. Nọ́ọ̀sì Hàlímọ̀ fúnra rẹ̀ ló kọ ti Àṣàbí síbẹ̀: ìbọn ìbílẹ̀, igi ìdí rẹ̀ là, wáyà bàbà ni wọ́n fi dì í, wọ́n fi ọ̀bẹ gbẹ́ lẹ́tà Z sí i lára.

Ọ̀gá náà rẹ́rìn-ín. "Màmá, ẹ ò fọkàn tán wa ni?"

"Mo fọkàn tán yín. Ṣùgbọ́n nọ́ọ̀sì ni mí. Ohun tá ò bá kọ sílẹ̀, a ò ṣe é nìyẹn."

Ọ̀gá náà fọwọ́ sí i, ó lu òǹtẹ̀.

Lọ́jọ́ tí wọ́n pa á, ẹni tó yìnbọn ju ìbọn sí gọ́tà bó ṣe ń sá lọ. Mọ̀núrù ló rí i. Igi ìdí rẹ̀ là. Wáyà bàbà wà níbẹ̀. Z wà níbẹ̀. Ó fi fóònù ya ìbọn náà, ó gbé e pẹ̀lú ìwé ẹ̀gbọ́n rẹ̀, ó di àgọ́ ọlọ́pàá.

"Alàgbà, gbogbo ìbọn ìbílẹ̀ ló jọra," ni wọ́n wí fún un.

"Wáyà jọra, lẹ́tà náà jọra?"

"Ẹ fi ìwé yẹn sílẹ̀. A máa wádìí."

Wọ́n gba ìbọn. Mọ̀núrù ò fìwé sílẹ̀; ó gbé e wá fún mi. Mo ti fi ojú ara mi rí òǹtẹ̀ náà.

Ṣé ọta yẹn ṣìnà? Ẹnu ọ̀nà àgọ́ ọlọ́pàá ló gbà jáde! Ta ló ṣílẹ̀kùn fún un? Ó tà á ni, àbí ó fi ta ẹnì kan lọ́rẹ? Khairiyyah tó fojú rí ohun gbogbo ti bímọ, ó ti sọmọ lórúkọ, ọlọ́pàá kankan ò tíì bi í ní ìbéèrè kan ṣoṣo.

Níbi fídáù, Àlàó, aládùúgbò wa kan, lanu pé òun náà máa ra ìbọn, òfin ò gba ẹnikẹ́ni là. Mo mọ ibi tó ti ń dùn ún. Khairiyyah ló dá a lóhùn: "Bọ̀dá, bí ẹ̀yin náà bá yìnbọn lọ́jọ́ yẹn, àárín ìbọn mélòó lèmi àti oyún inú mi ò bá wà?"

Òfin wà. Òfin ní kò sẹ́ni tó gbọ́dọ̀ ní ìbọn láìgba ìwé àṣẹ. Bí wọn ò bá tilẹ̀kùn, tí olè wọlé, ṣé ilẹ̀kùn la ó yọ ká fi igi rẹ̀ dáná, àbí ẹni tá a fún ní kọ́kọ́rọ́ la ó mú?

Ọ̀gá àgbà ọlọ́pàá Èkó, ẹni tó fọwọ́ sí ìwé yẹn ní orúkọ. Ẹ dárúkọ rẹ̀. Ẹni tó ń ṣọ́ yàrá tí ẹ ń kó ìbọn sí ní orúkọ. Ẹ gbé e lọ sí kóòtù. Ẹ ṣí yàrá náà lójú àwọn oníròyìn, kí ẹ sì fi iná yọ́ ohun tó bá ṣẹ́ kù níbẹ̀ ní gbangba. A ò tọrọ àánú. Ìdáhùn là ń bèèrè, nítorí ìbọn mẹ́ta ni wọ́n fọwọ́ sí nínú ìwé Nọ́ọ̀sì Hàlímọ̀. A ti rí ọ̀kan.

Méjì yòókù dà?