Wákàtí Tí 'Ẹ Kú' Pa

Ẹ wá nǹkan fìdí lé, ẹ̀yin tèmi. Ọ̀rọ̀ yìí kì í ṣe ọ̀rọ̀ ìdúró.

Mo rántí ìgbà tí mo ń ṣe ètò lórí rédíò ní Douala, wákàtí kan péré lọ́sàn-án Sátidé, fún àwa Yorùbá tó wà níbẹ̀. Gìtá nìkan ni mo gbé wọ ìlú náà. Mo kọ orin kan tí kò ju ìkíni lọ, òun ni mo fi ń ṣí ètò: 'Ẹ kú ọjà o, ará Sandaga, ẹ kú iṣẹ́ o, ará Bépanda, ẹ kú ojú lọ́nà.' Bí orin yẹn ṣe gbajúmọ̀, ìgbéraga wọ̀ mí lẹ́wù. Tí mo bá ń kọjá láàárín àwọn alálùbọ́sà, ń ṣe ni mò ń rọra rìn kí wọ́n lè rí mi dáadáa. Mi ò mọ̀ pé ẹni tí gbogbo ọjà bá mọ̀ kì í ríbi sá sí.

Nígbà tí ìjà Bakassi láàárín orílẹ̀-èdè wa àti tiwọn wá gbóná, tí wọ́n ń gbé òkú ọmọ ogun wọn bọ̀, ìlú yíjú padà sí wa. 'Biafrais', ìyẹn ọmọ Biafra, ni wọ́n ń pe gbogbo wa, títí kan èmi tí n kò dé ilẹ̀ Ìgbò rí. Ìyá ẹlẹ́ja tó wà lẹ́nu ọ̀nà mi kò jẹ́ mi mọ́ tí mo bá kí i.

Ẹlẹgbẹ́ mi kan wà nílé rédíò yẹn, ọmọ onílẹ̀, tó ti gbé Èkó rí. Ó pẹ́ tó ti ń wo wákàtí mi bí ológbò ṣe ń wo ẹja. Ó tọ ọ̀gá wa lọ, èmi náà wà níbẹ̀.

'Chef, ṣé ẹ mọ ohun tó ń sọ? Kú! Lédè wọn, ẹni tó kú ti kú nìyẹn. Gbogbo Sátidé ló ń ní ká kú!'

Mo bú sẹ́rìn-ín. Ẹ̀rín yẹn ló bà á jẹ́.

Ọ̀gá na bébà sí mi. 'Wàá ka èyí sí gbogbo ìlú létí pé o tọrọ àforíjì, o ò sì ní sọ 'kú' yẹn mọ́. Bí bẹ́ẹ̀ kọ́, o ò níṣẹ́ níbí mọ́.'

Àlejò lójú, kò fi ríran. Mo gbà. Sátidé dé, mo jókòó, bébà lọ́wọ́ mi, ẹlẹgbẹ́ mi dúró lẹ́yìn gíláàsì. Iná pupa tàn, ohùn mi ti wọ afẹ́fẹ́. Ẹ̀yin náà ẹ wò ó: Yorùbá wo ló ń bẹ̀bẹ̀ láìkọ́kọ́ kí èèyàn? Mo lanu, mo ní: 'Ẹ kú ìfaradà o, gbogbo ilé.'

Iná pupa kú.

Ẹlẹgbẹ́ mi figbe ta: 'Ẹ ò gbọ́ ọ? Ó tún sọ ọ́!'

Kí n tó dé géètì, ẹ̀ṣọ́ ti ju báàgì mi síta. Àwọn tó dúró níbẹ̀ ń pariwo pé kí n máa lọ, 'Biafrais, va!' Òkúta kan bà mí léjìká.

Báyìí ni wọ́n ṣe pín ogún mi: ẹni tó túmọ̀ 'kú' jogún wákàtí mi, ọlọ́pàá ẹnubodè jogún gìtá lọ́jọ́ tí mo ń padà sílé. Ọmọbìnrin mi, tí ìyá rẹ̀ jẹ́ ọmọ ibẹ̀, dàgbà sí Japoma, ní Douala níbẹ̀, lọ́dọ̀ ìyá rẹ̀. Yorùbá tó jogún kò kún ẹnu. Tó bá pè mí lórí fóònù, á ní, 'Papa, ẹ kú o.' Màá bi í pé:

'Ẹ kú kí ni, ọmọ mi?'

Á rẹ́rìn-ín. 'Ẹ kú gbogbo ẹ̀.'

Màá sì dáhùn.