Ògiri Tó Wà Lábẹ́ Òkè

Kí ìyá mi tó di ẹni tó ń ta èédú l'Ájégúnlẹ̀, ó ti fi ọwọ́ ara rẹ̀ ya ọnà sára ògiri ilé àtijọ́ kan nílùú wa lókè lọ́hùn-ún. Ọmọge ni nígbà náà. Òun àti ọ̀rẹ́ rẹ̀ kan ni wọ́n jọ ń lọ osùn, tí wọ́n ń po ẹfun, tí wọ́n fi ya ẹja, alángbá àti òṣùpá. Bí omi bá ti wọ yàrá wa, tí ara ògiri bẹ̀rẹ̀ sí í bó, á ní, "Tiwa kì í bó o."

Nígbà tí a gbọ́ pé àwọn àlejò ń ti ọ̀nà jíjìn wá wo ilé náà, ẹ̀gbọ́n mi ọkùnrin tó ń wa tírélà ní òun ní ẹrù tí òun fẹ́ gbé gba ọ̀nà ibẹ̀. Ní ibùdókọ̀ Coconut la ti gbé Màmá sí iwájú ọkọ̀, torí orúnkún rẹ̀ kò gbé e mọ́.

Ibẹ̀ dára. Koríko tutù yọ̀yọ̀ títí dé ìdí àpáta. Ọkùnrin kan tó ń mú àlejò káàkiri ṣáájú wa.

"Ẹ wò ó, ògiri wa tó lókìkí nìyí. Àwọn ìyá tó yà á ti kú tán."

Búlọ́ọ̀kù ni. Ó ní òjò ti wó ti àtijọ́, àwọn sì ti mọ òmíràn. Ọ̀dà inú agolo ni wọ́n fi ya ọnà náà, ó ń dán bí ara mọ́tò. Mo lanu láti sọ̀rọ̀, Màmá fún mi lọ́rùn ọwọ́.

"Fi í sílẹ̀. Ẹnu iṣẹ́ ẹ̀ ló wà."

Ọ̀rẹ́ rẹ̀ ìgbà èwe nìkan ni Màmá béèrè. Ọkùnrin náà ní, "Ìyá yẹn? Wọ́n wà lẹ́yìn ilé yìí, àmọ́ wọn kì í dá èèyàn mọ̀ mọ́." Kò mọ̀ pé ìyá náà wà lára àwọn tó yà á.

A bá a lórí ẹní. Màmá jókòó tì í, ó pe orúkọ tí wọ́n jọ ń pera wọn ní kékeré.

"Ẹ̀yin ta nìyẹn?" "Ẹ̀yin" ló ń pe ọ̀rẹ́ rẹ̀, bí àlejò.

"Èmi ni. Èkó ni mo ti wá."

"Èkó?" Ojú rẹ̀ là díẹ̀. "Mo ní ọ̀rẹ́ kan tó lọ sí Èkó. Wọ́n ní omi gbé e lọ. Ọwọ́ ẹ̀ mọ ọnà jù mí lọ."

Mo rò pé Màmá máa jà á níyàn. Ó di ọwọ́ rẹ̀ mú, ó bá a kẹ́dùn bí àlejò.

"Ẹ pẹ̀lẹ́ o, Màmá. Ọlọ́run á dá ẹ̀yin tó kù sí."

"Àmín," ni ọ̀rẹ́ rẹ̀ wí.

Bí a ṣe ń bọ̀, Màmá kò sunkún. Ó kàn ní kí ẹ̀gbọ́n mi pa rédíò.

Ìgbà òjò tó tẹ̀lé e ló kú. Ẹ̀gbọ́n mi béèrè bóyá ká gbé e lọ sílé. Mo ní, "Ta la fẹ́ gbé e lọ bá?" A kírun sí i lára lẹ́yìn ìrun ọ̀sán, Àílà, a sì sin ín sí Èkó níbí.