Àdín Tó Dà Sí Wa Lára

Àwọn ọmọ Àsíátù ní kí n sọ bí ìyá wọn ṣe gbé ayé rẹ̀, nítorí èmi Fàsílátù, orogún rẹ̀, ni mo bá a gbélé jù. Mo ní kò burú. Ṣùgbọ́n kí n tó sọ ohunkóhun, kí wọ́n mọ̀ pé mo jowú ìyá wọn. Mo jowú rẹ̀ láti ọjọ́ tí wọ́n ti gbé mi wọlé, mo sì ń jowú rẹ̀ títí dòní tó ti wà ní sàréè.

Ọmọ Iware ni Àsíátù. Ó dúdú, ó ga, kò sì lẹ́wà tó mi. Ẹni tó bá ní ó lẹ́wà tó mi, kó lọ bọ́jú. Àdín ló ń ṣe tà nílé ọkọ wa ní Ìlọrà. Iṣẹ́ iná ni iṣẹ́ àdín: a ó da èkùrọ́ sínú ìkòkò ńlá, a ó máa rò ó lórí iná títí yóò fi dúdú, tí èéfín yóò gba gbogbo àgbàlá, tí òróró yóò sì bẹ̀rẹ̀ sí yọ. Bí ẹyín iná bá yí kúrò lábẹ́ ìkòkò, ọwọ́ lásán ni Àsíátù fi ń ṣà á padà. Àwọn oníbàárà láti Awẹ́ títí dé Ọ̀yọ́ kì í ra ti ẹlòmíràn. Èmi náà dá tèmi ṣe lẹ́ẹ̀kan, ó jóná kanlẹ̀, wọ́n sì fi mí ṣe ẹ̀rín fún odidi ọ̀sẹ̀ kan.

Ní ọdún 1964, ọkọ wa Ṣàràfá, tó ń tún kẹ̀kẹ́ ṣe, gba ṣọ́ọ̀bù kan létí títì ní Fìdítì, pẹ̀lú yàrá kan lẹ́yìn rẹ̀. Yàrá kan ṣoṣo. Ìyàwó kan ni yóò bá a lọ, èkejì yóò sì dúró ti ìyá rẹ̀ ní Ìlọrà. Mo fẹ́ lọ Fìdítì bí ẹni tó fẹ́ lọ Mẹ́kà. Kì í ṣe nítorí ìlú náà. Ọsàn ni wọ́n ní ní Fìdítì, àwa náà sì ní ọsàn. Ọdún márùn-ún ni a ti ń pín ọkọ kan lọ́jọ́ méjì-méjì: ọjọ́ méjì tèmi, ọjọ́ méjì tirẹ̀. Mo fẹ́ mọ bó ṣe ń rí kéèyàn ní ọkọ láàárọ̀, lọ́sàn-án, lálẹ́, láìsí ẹni tó ń dúró de ọjọ́ tirẹ̀. Òrìṣà jẹ́ n pé méjì obìnrin kò dénú.

Ṣàràfá ní ìyá òun ni yóò yan ẹni tí yóò lọ. Ìyá ọkọ wa kì í sọ̀rọ̀ púpọ̀, ìwà ni í wò. Mo wá di ọmọlúàbí ọ̀sán gangan. Bí mo bá rí i, mo ti kúnlẹ̀. Bí mo bá gbọ́ ikọ́ rẹ̀, mo ti bu omi.

Ní ọ̀sán ọjọ́ kan, Ìyá jáde sí àgbàlá, ó jókòó lórí àpótí rẹ̀. Àdín Àsíátù ti yọ dáadáa. Ó ká àkísà sí ọwọ́ méjèèjì, ó bẹ̀rẹ̀ láti sọ ìkòkò kalẹ̀. Nílé wa, ìyàwó kì í dúró kó máa wo ìyálé rẹ̀ níran tó bá ń gbé ẹrù. Wàá sáré gbà á lọ́wọ́ rẹ̀ ni, bí ẹrù ọ̀hún kò bá tilẹ̀ wúwo ju ìyẹ́ adìyẹ lọ. Mo mọ̀ pé Ìyá ń wò wá. Mo sáré dé.

"Ìyálé mi, ẹ gbé e wá, ẹ má wulẹ̀ ṣe wàhálà."

"Ìyàwó, fi sílẹ̀. Ó gbóná."

"Ó tì o! Ẹ jẹ́ kí n gbà á."

Mi ò wá àkísà. Ṣebí ojú mi ló ṣe ń fọwọ́ lásán ṣa ẹyín iná. Mo ní ohun tí ọwọ́ rẹ̀ lè gbà, tèmi náà yóò gbà á. Mo fi ọwọ́ ọ̀tún di etí ìkòkò mú.

Ẹni tí iná kò jó rí máa ń rò pé gbígbóná ló kọ́kọ́ ń gbóná. Irọ́ ni. Òtútù ló kọ́kọ́ mú mi, bí ìgbà téèyàn ti ọwọ́ bọ omi àmù nígbà ọyẹ́. Mo tilẹ̀ rò pé mo ti yege. Lẹ́yìn náà ni mo fẹ́ jọ̀wọ́ ìkòkò, tí ọwọ́ kò gbọ́ tèmi mọ́. Mo gbóòórùn kan bí ìgbà tí wọ́n ń wi ewúrẹ́, mo sì ń wá ibi tó ti ń wá, kí n tó mọ̀ pé èmi ni. Ìgbà yẹn ni ìrora tó dé. Ó gba apá mi gòkè dé eyín. Mo fa ìkòkò, ó yẹ̀, àdín sì dà.

Àwọn àgbà ní bí iná bá ń jóni, tó ń jó ọmọ ẹni, tara ẹni là ń kọ́kọ́ gbọ̀n. Àsíátù kò gbọ̀n tirẹ̀. Àdín dà sí i lẹ́sẹ̀ láti orúnkún dé ọmọ ìka, síbẹ̀ ọwọ́ mi ló kọ́kọ́ gbá mú, ó já a kúrò lára ìkòkò, kó tó wá ṣubú lulẹ̀ tó ń ké. Nínú èéfín, gbogbo ohun tí Ìyá rí ni ìyàwó méjì tó di ara wọn mú, tí wọ́n ń pariwo.

Wọ́n fọ́ ẹyin sí wa lára, wọ́n sì fi omi ìgbín pa ojú egbò wa. Ọwọ́ mi lé ròrò, awọ àtẹ́lẹwọ́ sì bó bí èèpo ẹ̀wà tí a rẹ sómi. Ó ń lù kìkì, bí ẹni pé ọkàn mi ti kó wá síbẹ̀. Bí atẹ́gùn lásán bá kàn án, mo pariwo. Mi ò lè jẹun, mi ò lè ró aṣọ, mi ò lè ṣe àlùwàlá.

Ṣùgbọ́n ṣé ìyẹn ló dùn mí jù? Rárá. Tí Ṣàràfá bá ti dé, yàrá Àsíátù ló ń kọ́kọ́ wọ̀. Yóò jókòó tì í, yóò máa fi ìyẹ́ adìyẹ pa omi ìgbín sí i lẹ́sẹ̀ díẹ̀díẹ̀. Lọ́dọ̀ tèmi, ẹnu ọ̀nà ló ń dúró sí.

"Fàsílátù, ṣé ó ń san?"

"Ó ń san."

Ó ti lọ nìyẹn. Mo wá bẹ̀rẹ̀ sí jowú ẹsẹ̀ tó bó. Ẹ ò rí wèrè? Mo ń wo ọwọ́ mi, mo ń sọ pé egbò yìí mà kéré o; ká ní èmi ni àdín dà sí lẹ́sẹ̀ ni!

Ẹ̀rù tún ń bà mí. Gbólóhùn kan péré ni Àsíátù ní láti sọ: "Mo ní kó fi sílẹ̀." Bó bá sọ ọ́, Fìdítì ti bọ́ lọ́wọ́ mi. Mo ń dẹ etí sí ògiri yàrá rẹ̀. Mi ò gbọ́ nǹkan kan.

Lẹ́yìn oṣù méjì, Ìyá pè mí, ó ní kí n di ẹrù mi, èmi ni n ó bá ọkọ wa lọ. Mo wọ yàrá, mo sì jó. Àsíátù fi ọ̀pá tilẹ̀ wá bá mi di ẹrù, nítorí ọwọ́ mi kò tíì ká dáadáa. Ó bá mi so ìdì náà, ó ní, "Ìyàwó, máa tọ́jú ọwọ́ yẹn o." Mo ní ẹ ṣé, ọ̀rọ̀ ẹnu lásán. Mo rò pé mo ti borí rẹ̀.

Iwájú mọ́tò ni mo jókòó sí, lẹ́gbẹ̀ẹ́ ọkọ mi. Bí a ṣe jáde ní Ìlọrà, ó gbé ọwọ́ mi lé orí itan rẹ̀, ó ń wo àpá náà. Kò fọwọ́ kàn án rí tẹ́lẹ̀.

"Àsíátù ni Ìyá kọ́kọ́ mú," ó ní. "Òun ló bẹ̀bẹ̀ pé kí ó jẹ́ ìwọ. Ó ní ìkòkò ti ń yẹ̀ lọ́wọ́ òun, pé ìwọ lo fi ọwọ́ lásán dì í mú kó má baà dà lé òun láyà. Ó ní ẹni tó gba iná nítorí òun, òun kò lè du Fìdítì mọ́ ọn lọ́wọ́. Ṣé bẹ́ẹ̀ ló rí?"

Inú bí mi. Inú bí mi sí Àsíátù ju ti àtẹ̀yìnwá lọ, nítorí ohun tí mo rò pé mo gbà lọ́wọ́ rẹ̀, òun ló fi ta mí lọ́rẹ. Ọkọ mi ń wò mí, ọwọ́ mi ṣì wà lọ́wọ́ rẹ̀.

"Bẹ́ẹ̀ ni," mo dá a lóhùn. "Bẹ́ẹ̀ náà ló rí."