Èjìká Mùínàt Onídìrí

Wọ́n ń sọ ọ́ kiri Ọjà Igbó pé Mùínàt Onídìrí ń lọ gbé irin ní jíìmù kí ó lè rí apá lu ọkọ rẹ̀. Irọ́ gbuu ni. Àlàmú, ọkọ rẹ̀ gan-an, ló ń fi ọ̀kadà gbé e lọ.

Èjìká ló gbé e débẹ̀. Ọmọ Ọ̀yọ́ ni, iṣẹ́ irun dídì ló gbé wá sílé ọkọ ní Ògbómọ̀ṣọ́. Lẹ́yìn Iléyá tó kọjá, apá ọ̀tún kọ̀, kò gòkè mọ́. Ó dirun oníbàárà dé ìdajì, ló bá pe ẹlòmíràn kó wá bá òun parí ẹ̀. Ó sunkún lọ́jọ́ yẹn. Onídìrí tí ò lè gbápá sókè, kí ló fẹ́ máa ṣe jẹun?

Ọsibítù ní kí ó máa gbé nǹkan díẹ̀díẹ̀ kí iṣan èjìká lè le. Ṣùbòmí tó ni jíìmù wá rọ yanrìn sínú ìgò oníke kan fún un.

"Ìyá, ẹ gbé e lẹ́ẹ̀mẹ́wàá, kí ẹ sinmi. Ẹ tún gbé mẹ́wàá, kí ẹ sinmi. Ọ̀nà mẹ́ta, ó tán. Ó tún di ọ̀túnla."

Lójú Mùínàt, mẹ́wàá ti kéré jù fún àgbàlagbà. Ọ̀nà mẹ́ta yẹn ló wọ̀ ọ́ létí. Tẹ̀sùbáà ẹ̀ náà, ọ̀nà mẹ́ta ni, ẹyọ mẹ́tàlélọ́gbọ̀n lọ́nà kọ̀ọ̀kan. Bó ṣe kírun àsùbáà tán, ó ń fọwọ́ òsì ka ẹyọ, ó ń fi ọ̀tún gbé ìgò, títí ó fi pé mọ́kàndínlọ́gọ́rùn-ún. Ó tún ṣe é lẹ́yìn àsárì. Ọjọ́ karùn-ún, èjìká wú bíi búrẹ́dì. Àlàmú ló bá a wé gèlè.

"Ẹ̀ẹ̀melòó lẹ ṣe, Ìyá?" Ṣùbòmí bi í.

"Tẹ̀sùbáà kan láàárọ̀, ọ̀kan nírọ̀lẹ́."

Ṣùbòmí wá ibi jókòó sí. "Èmi tí mo ni jíìmù ò gbé tó bẹ́ẹ̀ rí."

Àlàmú ní, "Ẹ má dá a lóhùn. Ó fẹ́ fi ìgò yanrìn wọ àlùjánnà."

Mùínàt sinmi ọ̀sẹ̀ méjì. Ṣùbòmí wá fi sùúrù là á yé e pé iye tó dáa ni èyí téèyàn parí tí agbára àtigbé bíi méjì sí i ṣì kù lára ẹ̀. Bí ẹrù bá ṣe ń wúwo sí i ni iye á máa dín kù. Mùínàt gé òwú ìdìrí, ó ta kókó mẹ́wàá sí i. Òun ló ń fi ka ti ìgò. Tẹ̀sùbáà padà sórí ẹní ìkírun.

Ó pẹ́ díẹ̀, ṣùgbọ́n apá náà gòkè. Lóṣù tó kọjá, èmi gan-an ni mo jókòó síwájú ẹ̀ tó di ṣùkú fún mi, kò pe ẹnikẹ́ni kó gbà á. Ó ní kò sí ìrun tí òun ń kí tí òun kì í fi ṣàdúà fún Ṣùbòmí, bó tilẹ̀ jẹ́ ọmọ ṣọ́ọ̀ṣì Áńgílíkà.

Mo bi í bóyá ó ti fi irin sílẹ̀ báyìí.

"Rárá o. Ṣùbòmí ní kí n bọ́ sí mẹ́jọ, kí ẹrù lè wúwo díẹ̀ sí i. Mi ò bá a jiyàn mọ́. Ìyá Deborah, ẹ tẹrí síwájú."