Funfun Ojú Ìyá Mi

Ìwé ètò ìsìnkú ìyá mi, èmi ni mo tẹ̀ ẹ́. Ta ni ìbá tún tẹ̀ ẹ́? Èmi ni mo ní ṣọ́ọ̀bù kọ̀ǹpútà nítòsí gáréèjì ní Ìkọ̀lé, òkú olókùú ni mo sì máa ń tẹ irú ìwé bẹ́ẹ̀ fún. Nígbà tó kan tèmi, omi ò jáde lójú mi. Ara mi kàn kú tìpìrì. Wọ́n á ní, "Ẹ pẹ̀lẹ́ o," èmi náà á ní, "Ẹ ṣé," ọwọ́ mi á máa tẹ̀wé lọ.

Àìsàn ẹ̀dọ̀ ló pa á. Dókítà ní àìsàn náà ti pẹ́ lára rẹ̀. A ní irọ́ ni, òjijì ló dé.

Kọ̀ǹpútà wá fẹ́ dójú tì mí. Tòkunbọ̀ ni, ó ti gbó. Fáírọ́ọ̀sì wọ inú rẹ̀, mo pa gbogbo ohun tó wà níbẹ̀ rẹ́, mo tún un tò. Látìgbà náà, àwọ̀ bíi mélòó kan péré ló ń gbé jáde. Bí mo ṣe gbé fọ́tò Màmá síbẹ̀, ojú rẹ̀ rí pálapàla, àwọ̀ ewé níhìn-ín, àwọ̀ àlùkò lọ́hùn-ún.

Ẹ̀gbọ́n mi obìnrin pariwo, "Háà! Ṣé báyìí lo fẹ́ gbé Màmá jáde fáráyé?"

Fọ́tò ọdún Àjíǹde ni, òun àti àlùfáà ìjọ wa ló wà níbẹ̀. Fọ́tò yẹn ni Màmá fẹ́ràn jù, òun náà la sì fẹ́ kí gbogbo èèyàn gbé lọ sílé.

Dráífà ló sọnù, ìyẹn ètò kékeré tó ń jẹ́ kí kọ̀ǹpútà mọ bó ṣe máa gbé àwọ̀ jáde. Mo wọ takisí lọ sí Ìdó, mo yá síídì rẹ̀ lọ́wọ́ ẹnìkan tá a jọ ń ṣe irú iṣẹ́ kan náà. Mo fi sí i, mo pa kọ̀ǹpútà, mo tún un tàn. Àwọ̀ yọ. Gèlè Màmá di búlúù bó ṣe yẹ. Mo mú kí ojú rẹ̀ tóbi sí i. Funfun ojú rẹ̀ pọ́n rúsúrúsú, bí omi tí wọ́n fi ṣan agolo epo.

Mo ní dráífà yìí ò bá a mu, jàre. Mo yọ ọ́, mo tún fi í sí i. Ó ṣì pọ́n. Mo wo kọ́là ọrùn àlùfáà, ó funfun báláú. Mo wo eyín Màmá, ó funfun. Ojú rẹ̀ nìkan ni.

Ẹ̀gbọ́n mi sún mọ́ kọ̀ǹpútà, ó wo ojú náà dáadáa. Lẹ́yìn náà ó ní, "Bá wa sọ ọ́ di funfun."

Kọ̀ǹpútà lè ṣe é, mo sì ṣe é. Mi ò mọ nǹkan kan lára.

Lọ́jọ́ ìsìnkú, àwọn èèyàn ń sọ pé fọ́tò náà dára. Bàbá wa gba ìwé tiẹ̀, ó fi ìka ra ojú Màmá nínú fọ́tò.

"Uṣẹ́ rẹ rèé?"

"Bẹ́ẹ̀ ni, sà."

"Ojú ẹ̀ kì í ṣe báyìí. Ó ti ń pọ́n kí Àjíǹde tó dé. Ìyá yín ní mi ò gbọdọ̀ sọ fún yín."

Ibẹ̀ ni mo ti bú sẹ́kún.